Ooru Inú Kọ̀ǹpútà Àǹtí Mi

Ẹ̀rọ ìránṣọ màámi dákẹ́, mo sì yára fa búláńkẹ́ẹ̀tì bo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Mo di èémí mú. Lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà ń hu ṣáá, kò mọ̀ pé à ń sá pamọ́. Láti yàrá iwájú tí màámi sọ di ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé aṣọ. Kò pẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀, tàkà-tàkà-tàkà, mo ká búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò, mo sì ń bá eré mi lọ.

Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn. Bí ẹ̀rọ màámi bá ń dún, wọn kò lè gbọ́ fáànù. Bí wọ́n bá dúró láti gé aṣọ tàbí láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́, búláńkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń pa ariwo náà. Mo rò pé mo gbọ́n. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n òdù ọ̀yà wo ló ń gbọ́ òwe?

Kọ̀ǹpútà àgbélétan yẹn kì í ṣe tèmi, ti Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ká etí ṣòkòtò, tí wọ́n ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíì, kí wọ́n tó rí i rà. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ya àwòrán aṣọ: apá lọ́tọ̀, ọrùn lọ́tọ̀, ibi tí aránṣọ yóò gé, ibi tí yóò rán pọ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá kan ti kọ lẹ́tà sí Àǹtí mi pé kí wọ́n mú ọgbọ̀n àwòrán wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ mú, ọdún méjì ni yóò sì fi kọ́ ẹni náà níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àǹtí mi ti gbìyànjú irú rẹ̀ níbòmíràn tí wọn kò rí i gbà. Nígbà tí lẹ́tà yìí dé, wọ́n kà á fún màámi lẹ́ẹ̀mẹta, màámi sì ní kí wọ́n tún un kà.

Àárọ̀ ni Àǹtí mi máa ń ya àwòrán, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Bó bá di aago méjì ọ̀sán, wọ́n á kó aṣọ tó ti parí, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn oníbàárà láti wọ̀ ọ́ wò, wọn kì í sì í dé títí aago márùn-ún fi máa lù. Èmi ní tèmi, aago méjì kọjá díẹ̀ ni mo máa ń ti ilé-ìwé dé. Wọ́n ti sọ fún mi pé mo lè fi kọ̀ǹpútà náà ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Iṣẹ́ àṣetiléwá! Géèmù ìdíje ọkọ̀ ni mò ń ṣe.

Ẹ̀fúùfù ló fún mi ní géèmù náà. Ọmọ kíláàsì wa ni. A ń pè é ní Ẹ̀fúùfù nítorí pé kò sẹ́ni tó lè bá ọkọ̀ rẹ̀ nínú géèmù. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré ni, òun ló máa ń kẹ́yìn gbogbo wa. Géèmù náà tóbi, mi ò sì ní ohun tí màá fi gbé e wálé. Mo bá mú fíláàṣì Àǹtí mi nínú agolo bọ́tìnnì tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀dà gbogbo àwòrán wọn ló wà nínú rẹ̀. Àyè kò gba méjèèjì, mo sì pa àwọn àwòrán náà rẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá délé, màá tún dà wọ́n sórí rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò ní í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo délé, mo gbé géèmù sórí kọ̀ǹpútà, mo dá fíláàṣì padà sínú agolo, mo jókòó ti eré. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn di ọ̀la, ọ̀la di ọ̀túnla.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń ṣe kọ̀ǹpútà náà. Ọkọ̀ mi tó máa ń fò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo ní kó sáré, kò dáhùn; mo ní kó dúró, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sáré. Abẹ́ kọ̀ǹpútà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e kúrò lórí itan mi.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní, "Àǹtí, kọ̀ǹpútà yín ń gbóná o," ṣé wọn ò ní bi mí pé kí ni mò ń fi ṣe tó fi gbóná? Mo pa ẹnu mọ́, mo sọ ara mi di oníṣègùn kọ̀ǹpútà. Mo dín ẹwà àwòrán géèmù náà kù, ó sàn fún ọjọ́ méjì. Mo pa gbogbo nǹkan mìíràn tó ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀ dé. Mo fi ìwé ìṣirò àti ìwé ìtàn gbé e sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìwé ìṣirò mi wúlò nìyẹn. Mo gbé fáànù yàrá kọjú sí i. Kò sí èyí tó ràn án tó bó ṣe yẹ, nítorí bí ẹ̀rọ màámi bá ti dákẹ́ báyìí, búláńkẹ́ẹ̀tì náà ni mo tún ń fà bò ó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, Àǹtí mi dojú kọ mí bí a ṣe ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀.

"Kọ̀ǹpútà mi ń lọ́ra gan-an," ni wọ́n wí. "Mo fa ìlà kan, ó pẹ́ kí ìlà tó jáde. Ṣé o mọ ohun tó ń ṣe é?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o. Bóyá ó ti ń darúgbó ni."

"Kí ló dé tó ò gbé e lọ fún Ìyá Wáyà kó bá ọ wò ó?" màámi bi Àǹtí mi. Ìyá Wáyà ni obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìparí òpópónà wa.

"Ó di ẹ̀yìn Ọjọ́bọ̀, Màámi. Bí wọ́n bá lọ dá a dúró sọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Àwòrán mẹ́ta ló kù kí n parí. Á gbé mi débẹ̀."

Mo gbé tíì mi mu. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi níbẹ̀ yẹn, ìwọ̀nba gbólóhùn kan péré. N kò sọ ọ́.

Ọjọ́rú ni àṣekágbá ìdíje kíláàsì wa, ó sì ku èmi àti Ẹ̀fúùfù nìkan. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni a fi eré sí, oníkálukú láti ilé rẹ̀, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń gbára dì lọ́wọ́ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀, mo sì yára fa ọwọ́ padà. Ó gbóná bí irin ìlọṣọ màámi. Mo mú fóònù, mo pe Ẹ̀fúùfù.

"Ó ti kú fúnra rẹ̀," mo wí. "Ó gbóná kọjá bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká sún un síwájú."

"Ìwọ fi í sínú fíríìjì."

"Fíríìjì kẹ̀?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kí ni wọ́n ń fi nǹkan gbígbóná ṣe? Ṣé kì í ṣe pé kó tutù ni? Gbogbo ẹni tó mọ géèmù ló ń ṣe é."

"Ṣé ìwọ ti ṣe é rí?"

"Àìmọye ìgbà! Àbí ò ń wá àwáwí ni? Bí ẹ̀rù mi bá ń bà ọ́, sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú mi. Mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo ṣí òkè fíríìjì níbi tí nǹkan ti ń dì, mo ti ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì tẹ́ kọ̀ǹpútà Àǹtí mi sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ilẹ̀kùn fíríìjì dé ni màámi ké sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni! Wá bá mi di etí aṣọ yìí mú."

Aṣọ fèrèsé gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ń rán, ó gùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ní láti di etí rẹ̀ mú kó le, kí ẹlòmíràn máa wọ̀n ọ́n, kó máa fi píìnì mú un. Mo dúró, mo di etí aṣọ mú. Aago ara ògiri wà ní ọ̀kánkán mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé.

"Màámi, mo fẹ́ yára dé ilé ìdáná."

"Kí ló wà nílé ìdáná? Ṣé o kò tíì jẹun ni?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Dúró jẹ́ẹ́ nígbà náà. Bí o bá tú u sílẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ni."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n sọ pé mo gbé kọ̀ǹpútà sáàárín ẹja? Mo dúró níbẹ̀ bí òpó, aṣọ lọ́wọ́, ojú lára aago. Ogún ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n. Màámi ń wọ̀n, wọ́n ń tú píìnì, wọ́n tún ń wọ̀n. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ní, "Ó dáa, máa lọ."

Nígbà tí mo gbé kọ̀ǹpútà náà jáde, ó tutù nini. Kí n tó gbé e dé yàrá, ìrì ti bò ó láti òkè délẹ̀, omi wà láàárín àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé mi, mo fi nù ún. Òkè ni mo nù, mi ò ronú kan inú. Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù, Ẹ̀fúùfù sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń tàn án.

Iná tàn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì rí àwòrán aṣọ kan tí Àǹtí mi fi ṣe ọ̀ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn fún bí ìgbà téèyàn bá sín. Nǹkan kan dún "tá!" nínú rẹ̀, òórùn ohun tó jó jáde, ojú rẹ̀ sì di dúdú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ bí èèyàn, mo ní, "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, tètè dìde." Kò dìde. Mo gbé e lọ sórí tábìlì ìgéṣọ níbi tí Àǹtí mi fi í sí, mo sì jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi láìlè ṣe nǹkan kan títí wọ́n fi dé.

Mo gbọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló ṣe kọ̀ǹpútà mi?"

"Mi ò mọ̀," mo dáhùn láti inú yàrá.

Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọn kò pariwo rárá. Wọ́n ṣí agolo bọ́tìnnì, wọ́n yọ fíláàṣì, wọ́n sì gbé e sókè han màámi. "Ẹ rí i, Màámi? Ìdí tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà nìyí. Ó ku àwọn díẹ̀ tí mo yà láti bí oṣù kan sẹ́yìn nìkan, màá sì lè tún wọn yà. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ìyá Wáyà kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù." Wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ lé wọn bí ẹran tí wọ́n fà lókùn.

Ìyá Wáyà ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Iwájú orí ni ìgò ojú wọn máa ń wà, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà náà, wọ́n gbé e súnmọ́ imú.

"Ẹja ni nǹkan yìí ń rùn. Ṣé inú odò lẹ ti rí i?"

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, wọ́n na fíláàṣì sí wọn. "Ẹ bá mi kọ́kọ́ wo èyí ná, mà. Iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀, ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó."

Ìyá Wáyà tì í bọ inú kọ̀ǹpútà tiwọn, wọ́n sì fa ìgò sójú. "Ọkọ̀ pupa kan ló wà níbí. Ṣé aṣọ ọkọ̀ lò ń rán ni?"

Àǹtí mi tẹ̀ síwájú. Wọ́n wo ọkọ̀ pupa náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi, mo sì bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí fíláàṣì títí dé orí búláńkẹ́ẹ̀tì, láti orí búláńkẹ́ẹ̀tì títí dé orí ẹja. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Wáyà kò bá mi wí. Wọ́n fi sukudiráfà tú ìdí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pè wá kí a wá wò ó. Òwú aṣọ wẹ́wẹ́ ti dì mọ́ fáànù, ó nípọn bí ìrọ̀rí kékeré. Láti orí tábìlì ìgéṣọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wọlé, búláńkẹ́ẹ̀tì mi sì fi tiẹ̀ kún un.

"Ohun tó ń mú un gbóná nìyí," ni wọ́n wí. "Atẹ́gùn ò rí ibi gbà. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni èèyàn á fi gbá a, á sì pààrọ̀ ọ̀rá tó ń fa ooru kúrò níbí. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ń ṣe é. Ooru kọ́ ló pa á. Ohun tó tutù tó bẹ́ẹ̀, bó bá bọ́ sínú atẹ́gùn ilé, á làágùn nínú lóde. Inú òógùn yẹn lo ti tan iná sí i." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìka tó tọ́ símú là á fi í romú, ọmọ mi. Ti ẹja ni fíríìjì."

"Àwọn àwòrán mi ńkọ́, mà?" Àǹtí mi bi wọ́n.

"Ti inú fíláàṣì ti lọ, géèmù ti jókòó sórí wọn. Ṣùgbọ́n ti inú kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀." Wọ́n fi ìka tọ́ nǹkan dúdú kékeré kan tí kò ju èékánná lọ. "Inú èyí ni wọ́n wà, mo sì gbà pé kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àmọ́ wọ́n ti jó o mọ́ pátákó tó bàjẹ́ yìí, mi ò sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́. Màá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Kó yá títí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀la ni, mà," ni Àǹtí mi wí. "Aago mẹ́wàá."

Ìyá Wáyà bọ́ ìgò ojú wọn.

Nílé, màámi gbìyànjú láti tu Àǹtí mi nínú. "Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Màámi, agbè gan-an ló fọ́," Àǹtí mi dáhùn. "Omi ṣì wà níbẹ̀, mi ò kàn lè bù ú mu ni."

Ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó ti tábìlì ìgéṣọ pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsùlù. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín fa ìlà." Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi tó àkókò ilé-ìwé, mò ń wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń sáré tí aago sì ń sáré jù ú lọ. Àwòrán mẹ́rin ni wọ́n rí yà. Mẹ́rin nínú ọgbọ̀n.

Ẹ̀fúùfù wá bá mi nílé-ìwé, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo sá. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Mi ò ṣe é rí o," ni ó wí. "Ẹnu ẹnì kan ni mo ti gbọ́ ọ." Òun kọ́ ló ṣí fíríìjì.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí mi ti dé. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ fún màámi wọ́ọ́rọ́wọ́. "Obìnrin tó gbà mí lálejò kò burú. Ó wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ọwọ́ mi dára gan-an. Ó ní àwọn méje yòókù mú ọgbọ̀n ọgbọ̀n wá, kí ni òun fẹ́ sọ fún wọn? Ó ní bí wọ́n bá tún fẹ́ gba èèyàn, kí n padà wá, òun ò kàn mọ ọdún tó máa jẹ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fẹsẹ̀ rìn láti ilé-ìwé lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ́ mi dé òpin, ó sì mi orí. "Àbúrò, wọ́n ti mú èèyàn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ yìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Wáyà wí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì jẹ́. Wọ́n fi gbogbo àwòrán náà ránṣẹ́ lórí fíláàṣì tuntun, Àǹtí mi sì wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà àyálò kan. Ọgbọ̀n géérégé ni. Kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́ nínú wọn. Wọ́n ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ tó rẹwà tẹ̀ lé aṣọ tó rẹwà, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí mi ò lè sọ pé wọ́n dára, nítorí irú ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́?

"Àǹtí, ẹ nà mí," ni mo wí níkẹyìn.

"Bí mo bá nà ọ́, kí ló máa dá padà?" Wọ́n pa àwòrán náà dé. "Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ gbóná?"

Mo ronú kí n tó dáhùn. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní parọ́ fún wọn mọ́. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Ọjọ́bọ̀ yẹn tó pé."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Ogún ìṣẹ́jú ni Ìyá Wáyà sì ní òun fi ń ṣe é."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, wọ́n mú ṣòkòtò ẹlòmíì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó ń ka èyí, n kò sọ pé kí ẹ má ṣe géèmù. Géèmù kọ́ ló ba ti Àǹtí mi jẹ́, kódà ooru kọ́. Gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo ní gbólóhùn kan tí mo lè sọ, mo sì gbé e mì lójoojúmọ́ nítorí ìbáwí tí kò ní ju ọ̀sán kan lọ. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti Àǹtí mi ló bá mi dákẹ́.